Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́: Òfin, Ìrànlọ́wọ́ àti Ọ̀wọ̀

Gbogbo wa la mọ kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń gùn ún lọ sóko, àwọn kan ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé fún ìgbádùn nìkan ni wọ́n ń gùn ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú wọn máa ń kó ara wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìgbèríko, wọ́n á dúró mu tíì, wọ́n á sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe eré ìje. Ohun tí wọ́n ń wá ni ara líle, atẹ́gùn tó dára, àti ọ̀rẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Bó bá jẹ́ ìgbádùn lásán ni, kí ni wọ́n ń fi òfin ṣe?” Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ ká wá ìdáhùn rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1878, àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Harrogate, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1883 wọ́n sọ ọ́ ní Cyclists' Touring Club. Láti 2016, Cycling UK ni wọ́n ń pè é.

Kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà náà yàtọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga dé àyà ènìyàn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì kéré. Bó bá kọlu òkúta, orí ni ẹni tó gùn ún máa fi lulẹ̀. Ọ̀nà ò sì dára. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ìlú púpọ̀ láti máa ran àlejò lọ́wọ́. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá dé ìlú tí kò mọ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún un ibi tí ọ̀nà ti dára àti ilé tó lè sùn. Ẹgbẹ́ tún ri pákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ lórí àwọn òkè tó dà gẹ̀rẹ́, kí oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ewu ń bẹ nísàlẹ̀. Kódà ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ jàǹfààní pákó náà.

Òfin ojú ọ̀nà

Kí wọ́n tó gbéra, olúkúlùkù á yẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò: bíréèkì, táyà, ṣéènì. Bí ilẹ̀ bá máa ṣú bá wọn lọ́nà, òfin ìlú sọ pé iná funfun gbọ́dọ̀ wà níwájú, iná pupa gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn.

Ẹnìkan ni aṣáájú. Òun ló mọ ọ̀nà. Ẹlòmíràn á wà lẹ́yìn pátápátá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù. Bí aṣáájú bá dé oríta, á dúró títí ẹni ẹ̀yìn pátápátá á fi yọ. Kẹ̀kẹ́ méjì lè máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá fẹ́ kọjá, tí ewu ò sì sí níbẹ̀, kí wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè kọjá.

Ẹni iwájú ló ń rí ọ̀nà. Ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹni ẹ̀yìn ń rí. Nítorí náà ni ẹni iwájú ṣe gbọ́dọ̀ ké pé, “Kòtò o!” Ẹni ẹ̀yìn náà á ké pé, “Mọ́tò ń bọ̀!” Ẹni tó bá fẹ́ dúró kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tẹ bíréèkì. Kó kọ́kọ́ pariwo. Bí ẹnìkan bá ṣàdédé dúró, ẹni mẹ́wàá lè ṣubú lé e. Ṣé ẹ rí i báyìí? Òfin yìí kì í ṣe láti fi ni ẹnikẹ́ni lára. Egungun ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń ṣọ́.

Iṣẹ́ tí kò lówó nínú

Ta ló ń sanwó fún aṣáájú? Kò sí. Kí ọjọ́ Sọ́ńdè tó dé, ó ti lọ wo ọ̀nà náà, ó ti wá ilé tíì tó lè gba èrò. Akọ̀wé ń kọ lẹ́tà, akápò ń ṣọ́ owó ẹgbẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn bí a ti ń lẹ túùbù. Ó dà bí àárò tí a ń ṣe lóko: lónìí a ṣe tìrẹ, lọ́la a ṣe tèmi.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, èrò máa ń pọ̀ nídìí tíì, wọn kì í pọ̀ nídìí iṣẹ́. Àwọn mẹ́ta kan náà ló ń ru ẹrù lọ́dọọdún títí yóò fi sú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹgbẹ́ tú ká nìyẹn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó gbọ́n á pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹnìkan á ṣáájú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹnìkan á máa ka èrò, ẹnìkan á mú pọ́ǹpù dání. Ẹ má sì gbàgbé ọpẹ́. Ẹni tí kò gba owó, ó yẹ kó gba “ẹ ṣeun”.

Ọ̀wọ̀

Bí ẹni tuntun bá dé, ẹ kí i, ẹ bi í ní orúkọ. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ti gbó. Bí táyà ẹnìkan bá jò, kí gbogbo èrò dúró dè é.

Bí ẹ bá bá ẹlẹ́sẹ̀ lọ́nà, ẹ rọra lu agogo. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́ṣin, ẹ rọra kọjá, torí ẹṣin tó bá ta gìrì lè gbé ẹni tó gùn ún ṣubú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bú awakọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló bú u. Awakọ̀ ò mọ orúkọ onítọ̀hún. “Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí!” ló máa wí. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀, kí aṣáájú pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Òfin tó burú

Kì í ṣe gbogbo òfin ẹgbẹ́ ló dára. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní 1880, League of American Wheelmen. Aránṣọ kan ní Boston, Kittie Knox, wọ ẹgbẹ́ náà ní 1893. Aláwọ̀ dúdú ni obìnrin yìí. Nígbà tó di 1894, ẹgbẹ́ ṣòfin pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọlé mọ́.

Ní 1895, Knox lọ sí ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ ní Asbury Park, ó mú káàdì rẹ̀ dání. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹgbẹ́ kí òfin náà tó dé, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ó kú ní 1900. Ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ tó kọ òfin náà sílẹ̀ ní gbangba.

Báwo la ṣe ń mọ òfin tó dára? Ẹ bi í pé, “Ta ni ìwọ ń ṣọ́?” Òfin tó ní ká ké “Kòtò o!” ń ṣọ́ ẹni ẹ̀yìn. Òfin 1894 kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ fi ojú ara yín ka ìwé òfin rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èyí tó bá dára, ẹ pa á mọ́. Èyí tí kò bá dára, ẹ dìde ní ìpàdé, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n dìbò lé e.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá?
2. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tẹ bíréèkì?
3. Kí ló máa ń tú ẹgbẹ́ ká?
4. Òfin wo ló wà nínú ẹgbẹ́ tiyín? Ta ni ó ń ṣọ́?