Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Mi Fi Gbé Omi Gbígbóná Lọ sí Àrámọkọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi bi ètò ìwárí tí mò ń kọ́ bóyá omi gbígbóná wà ní Àrámọkọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ha! Ìkògòsì mà ni. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ èmi ò lè rẹ́rìn-ín: àwọn àlejò ni mo ń kọ́ ọ fún, ẹni tí ò mọ̀nà á gbà á gbọ́.

Fáìlì XML ni mo kó dátà sí, àpò inú àpò. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ẹ wo ẹ̀kẹta:

<ijoba oruko="Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì">
  <ilu><oruko>Àrámọkọ</oruko><okiki>ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀</okiki></ilu>
  <ilu><oruko>Ìkògòsì</oruko><okiki>omi gbígbóná</okiki></ilu>
</ijoba>

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Atọ́ka ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ti rí atọ́ka lẹ́yìn ìwé, tó ń sọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Láìsí i, kọ̀ǹpútà á máa ka fáìlì látòkè délẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè. Tèmi kàn kọ ọ́ pé "Àrámọkọ" àti "gbígbóná" wà nínú àpò ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ó ti da ẹrù inú àwọn àpò kéékèèké pọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà òbí rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì jẹ́ 3, Àrámọkọ 3.1, Ìkògòsì 3.2. Orúkọ Àrámọkọ wá di 3.1.1, òkìkí Ìkògòsì di 3.2.2. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ní ṣí fáìlì mọ́: ó kàn máa gé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ó ku 3.1 àti 3.2. Òbí wọn yàtọ̀, ìdáhùn di rárá. Orúkọ Ìkògòsì, 3.2.1, ló máa bá a mu.

Ibi tó wù mí jù nìyí: bí mo bá fẹ́ fi Òkè-Ìmẹ̀sí sáàárín àwọn méjèèjì ńkọ́? Bó bá gba 3.2, Ìkògòsì á di 3.3, gbogbo ìlú tó tẹ̀ lé e á sún, atọ́ka á sì dojú rú. eXist, dátábéèsì XML tí Wolfgang Meier bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2000, yanjú ẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa, níbi tí ilé tuntun láàárín nọ́ńbà 12 àti 13 ti ń di 12A. Òkè-Ìmẹ̀sí á gba 3.1/1. Ìkògòsì ò kúrò ní 3.2.

Àwọn nọ́ńbà yìí ń jẹ àyè o, nítorí náà orúkọ àti òkìkí nìkan ni mo ṣe atọ́ka fún. Àbúrò mi ti tún bi í. Ó ní Ìkògòsì.