Iṣẹ́ Wo Ni Ọmọ Wa Yóò Ṣe Lọ́la Ní Libreville?

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin òbí tó wà ní Libreville, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Lóṣù August 2025, ìjọba Gàbọ̀n kéde pé òwò kéékèèké, títún fóònù ṣe àti irun ṣíṣe létí títì kò sí fún àlejò mọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tọ́mọ nìyẹn. Àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé 1978, nígbà tí wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò níbẹ̀.

Níbo wá ni iṣẹ́ ń lọ? Ní 2010, Gàbọ̀n fòfin de kíkó ìtì igi lọ sókè òkun. Látìgbà náà ni ilé iṣẹ́ tó ń la pákó ti ń pọ̀ sí i ní Nkok, nítòsí Libreville. Wọ́n tún ti kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2029, máńgánísì tí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí nílé kò ní jáde mọ́.

Ibi tí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí, ajórin, mẹkáníìkì àti oníṣẹ́ iná ni wọ́n ń wá. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ti mọwọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni ìwé ẹ̀rí, èdè Faransé tó já gaara àti ìwé ìgbélùú tó pé. Ẹ má dúró de 2029 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.