BÁŃGÀ 7,000 BÚ LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO, ẸYỌ ẸNÌ KAN Ò FARAPA!

Èrò ti kún etí omi. Àwọn kan gbé àga wá, àwọn kan gbọ́mọ sí èjìká, gbogbo wọn ń retí kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2012 ni, nílùú San Diego ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ náà ni àjọ̀dún òmìnira wọn, báńgà ni wọ́n sì fi máa ń ṣe é. Bíi 7,000 ẹyọ ni wọ́n tò kalẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí àwọn bájì tó dúró lójú omi. Ètò wọn ni pé yóò máa dún díẹ̀díẹ̀, fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Àfi gbàù! Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí gbogbo rẹ̀ fi bú lẹ́ẹ̀kan náà. Òru di ọ̀sán gangan. Kó tó di ìdajì ìṣẹ́jú, ohun gbogbo ti tán, èéfín ló kù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé ìbẹ̀rẹ̀ eré ni, wọ́n dúró, wọ́n ń retí èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù mọ́.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó kú, kò sì sẹ́ni tó farapa. Báwo ni ẹ̀tù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe bú, tí kò gbẹ̀mí ẹnì kankan? Ẹ jẹ́ ká yọjú wo iṣẹ́ àwọn tó ń fi báńgà jẹun.

ÌṢÁNÁ TÍ KÒ NÍ IGI

Báńgà tí à ń wí yìí kì í ṣe nọ́káòtù táwọn ọmọ àdúgbò ń jù nígbà Kérésìmesì. Ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn sì tóbi ju orí èèyàn lọ. Inú páìpù tó nàró ni wọ́n ń kì í bọ̀, bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn. Ẹ̀tù tó wà nísàlẹ̀ ni yóò tì í lọ sókè, èyí tó wà nínú rẹ̀ ni yóò tú u ká lójú ọ̀run.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tan án. Oníṣẹ́ á lóṣòó tì í, á ṣáná sí òwú rẹ̀, á sì sá. Bó bá tètè bú, ọwọ́ lọ nìyẹn, tàbí ojú.

Lóde òní, ìṣáná ẹlẹ́tíríìkì ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń lò. Wáyà méjì ni, wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun ló so wọ́n pọ̀ lórí, wọ́n sì ti ri orí náà bọnú kẹ́míkà tó tètè ń gbiná. Ẹ̀yin rìwáyà kúkú mọ bí wáyà hítà ṣe ń pọ́n bí iná bá wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí. Iná bátìrì á kọjá, wáyà á pọ́n, orí ìṣáná á gbiná, òwú báńgà á gbà á. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, báńgà ti lọ. Ẹni tó tẹ súwíìṣì ti wà lókèèrè.

KỌ́KỌ́RỌ́ Ọ̀DỌ̀ Ọ̀GÁ

Ìṣáná ọ̀hún náà léwu o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ títí dìgbà tí wọ́n máa so ó, kí iná tí wọn ò rán níṣẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Wọn kì í tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kì í fà á tipátipá. Bí àrá bá ń sán, wọ́n á fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mítà wò ó bóyá wáyà já, gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ kúrò nídìí páìpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mítà náà kéré débi tí kò lè tan ìṣáná. Kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n fi ń yìn ín, ọwọ́ ọ̀gá ló ń wà. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ṣì wà nídìí páìpù, kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ wọ àpótí.

Ibi tí èrò máa dúró sí pàápàá ní òdiwọ̀n. NFPA, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 70 ni fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí báńgà bá fẹ̀. Báńgà ínǹṣì 6, ẹsẹ̀ bàtà 420 ni èrò gbọdọ̀ fi jìnnà sí i.

ÀṢẸ MÉJÌ DI Ọ̀KAN

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní San Diego? Ìṣáná ò jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún un. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n ṣàlàyé pé àṣẹ gidi wà, àṣẹ ìpamọ́ sì wà, bí ti àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn sínú ẹ̀rọ, méjèèjì dàpọ̀ di ọ̀kan. Orí ẹ̀rọ dàrú, ó ní kí gbogbo wáyà gbaná. Wáyà kì í béèrè pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ohun tó yọ wọ́n ni ibi tí wọ́n dúró sí. Omi wà láàárín èrò àti báńgà. Kò sẹ́ni tó lóṣòó ti páìpù pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́. Owó ṣòfò, ojú tini, ṣùgbọ́n kálukú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé.

TI JANKARA ŃKỌ́?

Ọdún 2012 yẹn ò tíì parí tí ti Èkó fi dé. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ilé kan tí wọ́n kó báńgà sí bú gbàù ní Jankara, n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀mí bá a lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn farapa, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé mìíràn. Kò sí omi láàárín, kò sí ẹsẹ̀ bàtà 420. Ògiri ilé ló wà láàárín ẹ̀tù àti ọmọ èèyàn.

Lọ́dọọdún làwọn ọlọ́pàá ń kéde pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ìró nọ́káòtù, lọ́dọọdún náà ló sì ń wọ ọjà. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ bá òun fi páálí báńgà kan pamọ́ sábẹ́ káńtà, pé èrè ọdún wà níbẹ̀, ẹ rántí Jankara. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ní mítà, tó gbàwé àṣẹ, ilé àdádó tó jìnnà sí ilé gbígbé ni òfin ní kí wọ́n kó o sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù kì í bá a sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe bá a sùn.