Bí Sáléńsà Ọkọ̀ Bá Ń Pariwo: Ohun Tí Ariwo Náà Ń Wí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dàgbà la fi ń gbé iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá lọ sí ọjà. Peugeot 504 pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná. Wọn kò to 504 mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń pariwo, àwa a máa ní, "Ó ṣáà ń lọ." Òótọ́ ni pé ó ń lọ, ṣùgbọ́n ariwo tó bá yàtọ̀ sí ti àná ní ìdí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀nà tí èéfín ń gbà

Bí epo bá jóná nínú ẹ́ńjìnì, èéfín gbígbóná a máa fi agbára tú jáde. Mánífóòdù, irin oníhò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ló ń kó o jọ. Páìpù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e dé inú sáléńsà, èyí tó ń pa ariwo rẹ̀, kó tó jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Ibi tí ọ̀nà yìí bá ti jò, tó tú, tàbí tó dí, ibẹ̀ ni ariwo yóò ti wá.

Ariwo àti ìtumọ̀ rẹ̀

1. Tí-tí-tí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A máa dún jù ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù, yóò sì rọlẹ̀ bó bá gbóná. Gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòdù lè ti jó, nọ́ọ̀tì lè ti tú, tàbí kí mánífóòdù fúnra rẹ̀ ti sán. Bí irin bá gbóná, ó ń fẹ̀, á sì dí àlàfo náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ó ti san.

2. Bíbú ramúramù lábẹ́ ọkọ̀. Ìpẹtà ti lu páìpù tàbí sáléńsà, tàbí ìsopọ̀ kan ti já.

3. Gbàn-gbàn-gbàn bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun. Rọ́bà tàbí irin tó so páìpù rọ̀ ti já, páìpù sì ń lu abẹ́ ọkọ̀.

4. Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀ nínú sáléńsà. Àwọn irin inú rẹ̀ ti já. A kì í tún èyí ṣe. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

5. Gbàù! bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo. Epo tí kò jóná tán ló ń gbiná nínú páìpù. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò wọlé, tàbí kí pílọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀ tàbí àkókò ìtanná nílò àyẹ̀wò.

6. Pọ-pọ-pọ tó ń fo ìró kan. Ẹ́ńjìnì olórí mẹ́rin yìí ń fi mẹ́ta ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ wò kí ẹ tó rá sáléńsà lẹ́jọ́.

7. Fúù-fúù, tí ọkọ̀ kò sì lágbára gun òkè. Ọ̀nà èéfín ti dí. Ẹrẹ̀ lè wà ní ẹnu páìpù, tàbí kí irin inú sáléńsà ti wó dí i.

Bí ẹ ṣe lè wá a

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá. Ẹ fi òkúta ká táyà kò. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi ìtì igi tó lágbára tì í. Ẹ wá ibi tó dúdú bí èédú ní ìsopọ̀: ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ fi igi kékeré kan sáléńsà: èyí tó dára yóò dún ketekete, èyí tó ti jẹrà yóò dún bòǹkù. Lẹ́yìn èyí, ẹ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnìkan tan ọkọ̀ ní gbangba, kí ẹnìkejì fi àkísà nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ fúù níbòmíràn, ihò wà níbẹ̀.

Ewu tí ojú kò rí

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Gáàsì kan wà nínú èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Bí sáléńsà bá lu, ó lè gba ihò ilẹ̀ ọkọ̀ wọ ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì lè kóra jọ sábẹ́ tapólì níbi tí ìyàwó àti ọmọ jókòó sí pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó bá fà á símú, orí yóò máa fọ́ ọ, òòyì yóò kọ́ ọ, èébì lè gbé e, oorun lè máa kùn ún. Bí ọmọ bá sùn jù lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé gbogbo ènìyàn síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn kíá. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú àká tàbí gáréèjì.

Nígbà ọyẹ́, páìpù gbígbóná lè ran iná mọ́ koríko gbígbẹ. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀.

Àtúnṣe

Agolo tí a gé, tí a fi wáyà dì mọ́ ojú ihò, lè gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kì í ṣe àtúnṣe. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó o, kí ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ó sì ṣọ́ táńkì epo. Ihò kékeré kan lè wà nísàlẹ̀ sáléńsà láti ilé iṣẹ́, tí omi ń gbà jáde; ẹ má ṣe dí i. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí omi inú sáléńsà gbẹ, ó sì ń mú un pẹtà. Ajílẹ̀ tó dà sára irin náà ń jẹ ẹ́. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kó o.

Bí mẹkáníìkì ibi tí ẹ wà kò bá gbọ́ èdè yín dáadáa, ẹ sín ariwo náà fún un, ẹ tọ́ka sí ibi tó ti ń wá, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ bóyá ìgbà tútù ni tàbí ìgbà gbígbóná. Owó gáskẹ́ẹ̀tì kan kò tó owó ẹrù tó jẹrà sójú ọ̀nà, kò sì sí owó tó lè ra ẹ̀mí. Kí ẹ tó di ẹrù ọjà tó ń bọ̀, ẹ tẹ́tí sí ọkọ̀ yín.