Èèrí Ọkà àti Ìlera Ọkàn

Ní Gidan Kwano, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Minna sí Bida, ni ọgbà ńlá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni agbègbè náà. Ọkà bàbà, iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀pà wà lára ohun tí àwọn Gbagyi ń gbìn níbẹ̀. Bí àgbẹ̀ ti ń jẹ tùwó ọkà bàbà ni òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ búrẹ́dì funfun. Ìyàtọ̀ oúnjẹ méjèèjì kan ọkàn ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n.

Inú èèrí ọkà àti ojú ibi tí ó ti ń hù ni èròjà tí à ń pè ní mágnísíọ̀mù pọ̀ sí jù. Nígbà tí a bá ku èèrí àlìkámà dànù kí ìyẹ̀fun lè funfun, èyí tí ó pọ̀ jù nínú èròjà náà a bá èèrí lọ. Bákan náà, ẹni tí ó bọ ẹ̀fọ́ tí ó sì fún omi rẹ̀ dànù ti da díẹ̀ nínú rẹ̀ nù.

Ara àgbàlagbà ní tó gíráàmù 25 mágnísíọ̀mù. Ó lé ní ìdajì tí ó wà nínú egungun. Kálísíọ̀mù ni í mú iṣan ọkàn súnkì. Mágnísíọ̀mù ni kì í jẹ́ kí ó ṣe àṣejù, kí iṣan lè tún dẹ̀. Bí ó bá dín kù púpọ̀, ọkàn lè máa lù ségesège, èyí sì lè gba ẹ̀mí. Ewu yìí sún mọ́ ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́, alátọ̀gbẹ, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀ léraléra.

Síbẹ̀, oúnjẹ ọkàn ni mágnísíọ̀mù, kì í ṣe àwòtán. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, èyí tí ó kan aláìsàn tí ó lé ní 58,000 tí àrùn ọkàn dá gúnlẹ̀ lójijì, fífa èròjà yìí sínú iṣan wọn kò dín iye àwọn tí ó kú kù. Lílo oníhóró rẹ̀ kì í sì í mú ìfúnpá wálẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ dá a rà lò, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró.

Mílígíráàmù 310 sí 420 ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 50. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ tútù àti ọkà tí a kò bó kò sì gbẹ́yìn. Nínú oko àti ọjà wa ni a ti lè rí gbogbo wọn. Kí ìyáwó ilé dín bíbó ọkà kù, kí ó sì máa fi omi ẹ̀fọ́ se ọbẹ̀.