Ìtàn Àtẹnudẹ́nu àti Àwọn Ẹ̀kọ́ tí ń Wádìí Rẹ̀

Ìlú tí ó ń jẹ́ Kétu ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan wà ní Kòsọ́fẹ́, nítòsí Ìkòsì àti Máìlì 12, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òmíràn ni ìlú Alákétu, ní ilẹ̀ Benin tí a ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Bí ọmọ ilé-ìwé bá bèèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ọmọ ìyá ni ìlú méjèèjì?’ kí ni olùkọ́ yóò wí? Orúkọ nìkan kò tó ṣe ẹ̀rí.

Ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀. Onímọ̀ èdè a máa fi ohùn ìlú kan wé ti èkejì. Onímọ̀ lítíréṣọ̀ a máa gbọ́ oríkì. Onímọ̀ ìsìn a máa wádìí ohun tí wọ́n jọ ń bọ. Awalẹ̀pìtàn a máa wo àpáàdì inú ilẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Sources of Yoruba History, tí S. O. Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973. Nínú rẹ̀, Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé lórí Ifá, Abíọ́dún Adétúgbọ̀ lórí èdè, Frank Willett lórí ohun àtijọ́ tí a wú nínú ilẹ̀. Bí ẹ̀rí wọn bá ṣọ̀kan, ọkàn wa a balẹ̀. Bí wọ́n bá takora, kí a tún bèèrè.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè gbọ́ ìtàn tí ó ti bá arúgbó wọ ibojì. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tọ àwọn àgbà àdúgbò yín lọ nísinsìnyí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ má ṣe tún un ṣe kí ó lè dùn.