Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fi Àkísà Nù: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa Ẹ̀rí Tí Ọlọ́pàá Ń Wá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà òjò, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìpè ìyá mi ló jí mi lójú oorun. "Wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù o!" Kí n tó dé ọjà aṣọ tó ti ń tajà n'Ìbàdàn, èrò ti pé. Olè ti já àgádágodo, ó ti fọ́ gíláàsì tí ìyá mi máa ń to léèsì sí, ó sì ti kó ẹrù lọ. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lórí káńtà. Gíláàsì ti gé olè náà lọ́wọ́.

Kí ni a ṣe? Ohun tí ọmọ tí a kọ́ nílé máa ń ṣe náà ni. A gbá ilẹ̀, a kó àfọ́kù gíláàsì dànù. Èmi fúnra mi ni mo fi omi ọṣẹ àti àkísà nu ẹ̀jẹ̀ yẹn, nítorí pé ìyá mi kò fẹ́ kí oníbàárà bá ẹ̀jẹ̀ nídìí ọjà òun. Nígbà tí ọlọ́pàá méjì yóò fi dé ní ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù náà ti mọ́ tónítóní.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá ìyá mi tajà nígbà náà. N ó pè é ní Ṣẹ́gun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 19 ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, ìyá mi bá a wí lójú èrò, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ní ọjọ́ Ajé yìí, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì fi aṣọ di ìka kan. Ó ní agolo mílíìkì ló gé òun. Ẹnì kan láàárín èrò ló bá pòwe: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kò sí ẹni tó tún béèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn ọlọ́pàá mú Ṣẹ́gun lọ, òru mẹ́rin ló sì sùn ní àhámọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin aláṣọ kan ní ọjà mìíràn rí àmì tí ìyá mi máa ń kọ sí etí léèsì lára aṣọ tí ọkùnrin kan gbé wá tà fún un. Ó pe ìyá mi. Nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin náà, ọgbẹ́ ńlá wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n sì bá ìyókù ẹrù wa nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n tú Ṣẹ́gun sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́.

Ohun tí mo fi omi ọṣẹ fọ̀ dànù

Ní àdúgbò wa, bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló nu ẹ̀jẹ̀ yẹn?" Mo ní èmi ni, sà. Wọ́n ní, "Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọmọkùnrin yẹn ní lo nù dànù."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá ṣe àyẹ̀wò DNA. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa máa ń yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, yálà O tàbí A tàbí B, lè tó láti yọ ènìyàn nínú ẹ̀sùn. Bí ti orí káńtà bá jẹ́ B, tí ti Ṣẹ́gun sì jẹ́ O, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí méjèèjì bá bára mu, ìyẹn kò tíì fi hàn pé òun ni, nítorí pé àìmọye ènìyàn ló ní oríṣi ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni DNA yóò ti wá wúlò.

Mo béèrè nípa ìlà ìka. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìka Ṣẹ́gun yóò kún ibẹ̀, ṣebí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́?" Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ gba ìlà ìka onílé àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè yọ tiwọn kúrò, kí wọ́n sì wo ti àlejò tó bá ṣẹ́kù.

Aláìṣẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé torí àtimú ọ̀daràn nìkan ni wọ́n ṣe dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1892, ní ìlú Necochea ní orílẹ̀-èdè Ajẹntínà, wọ́n pa ọmọ kékeré méjì sínú ilé. Ìyá wọn, Francisca Rojas, ní ọkùnrin kan ládùúgbò ló ṣe é. Wọ́n mú ọkùnrin náà, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n kò yé sọ pé òun kọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Eduardo Álvarez wá rí àmì àtàǹpàkò tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ó gé igi náà jáde, ó sì fi wé ìka obìnrin náà, lọ́nà tí Juan Vucetich fi kọ́ wọn. Ìka ìyá náà ni. Ó jẹ́wọ́, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí DNA dé. Ní ọdún 1984, Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí bí a ṣe lè fi DNA dá ènìyàn kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ní agbègbè yẹn kan náà, wọ́n ti pa ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 kan ní 1983, wọ́n sì tún pa òmíràn ní 1986. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 17 kan tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun pa ọ̀kan nínú wọn. Àyẹ̀wò Jeffreys fi hàn pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì, àti pé kì í ṣe ọmọkùnrin náà. Ọlọ́pàá wá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ àwọn ọkùnrin tó lé ní 4,000. Colin Pitchfork bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ ṣojú òun. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹni tó rán, wọ́n mú Pitchfork ní 1987, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó jẹ́wọ́ kò jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, ní abala 29, fi sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gbà lẹ́nu afurasí.

Bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀rí

Edmond Locard, ará Faransé tó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ọdún 1910, ló kọ́ wa pé ẹni tó bá wọ ibì kan yóò fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì mú nǹkan kúrò níbẹ̀: irun, òwú aṣọ, eruku, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá ní láti ṣe ni kí ó má jẹ́ kí ohun tó wà nílẹ̀ sọnù. Wọn yóò na okùn yí ibẹ̀ ká, wọn yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọlé sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò. Wọn yóò yà á láti òkèèrè, láti itòsí, àti láti ibi tó súnmọ́ ọn gan-an, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí adájọ́ lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ̀yìn èyí ni wọn yóò tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọn yóò sì máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí DNA ohun kan má baà ran òmíràn. Ìyẹ̀fun kíkúnná ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n sí ibi tí ìka kàn, kí ìlà rẹ̀ lè hàn. Òwú tó mọ́ ni wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọ̀rá. Aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú ọ̀rá. Wọn yóò kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ, wọn yóò wá fi í sínú àpò bébà. Ọ̀rá máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú, èébu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kòkòrò àìfojúrí yóò sì ba DNA jẹ́.

Àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọjọ́, wákàtí, àti ìbuwọ́lù ẹni tó dì í. Gbogbo ìgbà tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òru kan ṣoṣo bá wà tí kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí àpò náà sùn, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò béèrè, adájọ́ sì lè da ẹ̀rí náà nù.

DNA pàápàá ní ààlà. Àwọn ìbejì tó jáde láti inú ẹyin kan ṣoṣo máa ń ní DNA kan náà lójú àyẹ̀wò tí ọlọ́pàá sábà máa ń ṣe. Ìlà ìka wọn nìkan ni kì í dọ́gba. Àwa tí a ní Táíwò àti Kẹ́hìndé ní agboolé gbogbo, ó yẹ kí a mọ èyí.

Àwa ńkọ́?

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ibùdó àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní ọdún 2017, kí a má baà máa kó gbogbo ẹ̀rí lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n bà á jẹ́. Ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ ọ̀dọ́ ló parí sí ìgbà tí a pàdánù ọ̀kan nínú ohun tó lè gba ọ̀dọ́ lọ́wọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tó wà ní ọwọ́ tiwa. Bí olè bá jà yín, ẹ má gbá ilẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró síta, ẹ fi fóònù ya ohun tí ẹ rí láìfọwọ́ kàn án. Bí kámẹ́rà bá wà ládùúgbò, ẹ bẹ onílé kó tètè fi àwòrán náà pamọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi nǹkan kún un. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí béèrè pé kí a fi hàn pé ẹ̀rọ tó gbé e jáde ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò pọ̀, mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò fẹ́ ni omi ìwẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kó mú sùúrù. Kó má fọ aṣọ náà, kó kó o sínú àpò bébà, kó sì dé ilé ìwòsàn kíákíá, kí wákàtí 72 tó pé, nítorí ẹ̀rí àti nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV. Ní Ìkẹjà, Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH láti ọdún 2013 fún irú ìtọ́jú yìí. Ẹni tó bá sì ti wẹ̀, kó ṣì lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìtọ́jú ṣì wà.

Ní ọdún tó kọjá, mo wá Ṣẹ́gun lọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ó sì ti bímọ kan. Mo sọ fún un pé èmi ni mo nu ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ò mọ̀. Àmọ́ màmá mọ̀ mí fún ọdún mẹ́ta." Èmi kò rí èsì kankan fọ̀. Mo jíṣẹ́ náà fún ìyá mi nígbà tí mo délé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.